Kí Ẹ Tó Tan Kámẹ́rà, Ẹ Kọ́kọ́ Pe 112

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, lásìkò òjò, lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà ní Onípàánù, lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Dánfó kan tó ń sáré bọ̀ gbá ọmọkùnrin kan tó fẹ́ sọdá. Afárá wà lókè orí rẹ̀ o, àmọ́ bó ṣe máa ń ṣe gbogbo wa ló ṣe é: ó ti rẹ̀ wá, ilẹ̀ ti ń ṣú, a ní ká kàn tètè fò ó kọjá. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, ọmọ náà ti wà nílẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti fò lọ sí ọ̀ọ́kán, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ká má parọ́, èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí mo yíjú sí, fóònù ló wà lókè, fídíò ni gbogbo wọn ń ṣe. Ẹnì kan tiẹ̀ ti wà lórí láífù, ó ń bẹ àwọn tó ń wò ó pé kí wọ́n bá òun pín in. Èmi náà ti yọ fóònù tèmi, kí n sì sọ òótọ́, kámẹ́rà ni ìka mi kọ́kọ́ lọ bá. Ìyá kan tó ń sun àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló pariwo mọ́ wa pé, "Ṣé ẹ ò ní pe ẹnikẹ́ni ni? Ṣé fídíò ló máa gbé e lọ sí ọsibítù?" Ojú tì mí. Mo tẹ 112.

Obìnrin kan gbé e. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀, níbo lẹ wà? Mo ní, "Ìjàǹbá ọkọ̀ ni, ọ̀nà Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè máa bọ̀!" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀nà Ìkòròdú gùn. Ibùdókọ̀ wo? Ṣé apá tó ń lọ sí Ọ̀jọ́ta ni àbí apá tó ń lọ sí Jibówú? Ṣé ojú títì ńlá ni àbí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́?" Ẹ gbà mí gbọ́, ojoojúmọ́ ni mo ń gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, orí mi fò lọ. Ó di ìgbà tí mo sáré lọ wo pátákó ibùdókọ̀ kí n tó lè dá a lóhùn.

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfiṣòfò. Irin àti kọnkéré ni wọ́n fi la ọ̀nà Ìkòròdú sí méjì. Ọ̀nà BRT tó ti wà níbẹ̀ láti 2008 tún ní ìdènà tirẹ̀. Bí áḿbúláǹsì bá gba apá òdìkejì, awakọ̀ rẹ̀ máa rí yín, ẹ̀yin náà máa rí i, kò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ yín. Àfi kó lọ wá ibi tó ti máa yí padà, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní gbogbo àsìkò tó bá fi ń wá ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ kò ní dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, òun ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìlú sọ lónìí. A máa ń bú ìjọba pé kò sí ẹni tó ń gba èèyàn là ní Èkó. Ìbú yẹn tọ́ láwọn ibì kan. Àmọ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ìgbanilà kì í ṣe ẹni tó wà nínú áḿbúláǹsì, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ ni. Bí ẹni yẹn kò bá pè, tàbí tó pè tí kò lè sọ ibi tó wà, kò sí iṣẹ́ tí àwọn tó kù fẹ́ ṣe.

Ẹ bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè nọ́ńbà pàjáwìrì, 911 ló máa jáde lẹ́nu wa. Fíìmù Amẹ́ríkà ló kọ́ wa. Ní Nàìjíríà, 911 tí àwọn bàbá wa mọ̀ ni lọ́rì Mercedes tó ń gbé iyanrìn àti pákó. Nọ́ńbà tiwa ni 112, jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní Èkó, 767 náà wà. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní 122 tirẹ̀. Pípe 112 àti 767 kò ná yín ní kọ́bọ̀, kódà bí kò bá sí owó kankan lórí fóònù yín.

Nọ́ńbà báyìí kò jábọ́ láti ọ̀run fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kọkànlá 1935, ilé dókítà kan jóná ní Wimpole Street nílùú London, obìnrin márùn-ún sì kú. Aládùúgbò kan rí iná náà, ó pe panápaná, àmọ́ orí ìlà ni wọ́n fi í sí bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lásán. Inú bí ọkùnrin yìí, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Times. Ọ̀rọ̀ náà di ńlá, ìjọba wádìí rẹ̀, nígbà tó sì di 30 oṣù Kẹfà 1937, nọ́ńbà 999 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní London. Amẹ́ríkà tí a ń wò lókè kò tiẹ̀ ní 911 títí di 16 oṣù Kejì 1968, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Haleyville, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ pè é. Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn yìí ni pé ẹnì kan tó bínú, tó sì kọ ìbínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó yẹ, ló fa nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń wò kọ́ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bínú lórí X, ẹ rántí ìyẹn, a máa padà síbẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá pè? Ẹni tó gbé ìpè kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbọ́ yín yé, kó pinnu ẹni tó yẹ kó jáde, kó sì rán an. Bí ó bá jẹ́ pé èèyàn ló farapa, áḿbúláǹsì LASAMBUS tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2001 wà. Bí ọkọ̀ bá há mọ́ èèyàn lára, tàbí tí ilé wó, àjọ LASEMA ló ni ọkọ̀ agbégbá àti irinṣẹ́ ńláńlá. Iná jẹ́ ti panápaná. Bí ọkọ̀ tó bàjẹ́ bá dí ojú ọ̀nà, LASTMA tó ti wà láti 2000 ló máa wá tú gò-sílóò. Bí ó bá jẹ́ olè tàbí ìjà, àwọn ọlọ́pàá RRS ni. FRSC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ló ni ojú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀. Ẹ tún fi àwọn wọ́dà ọlọ́pàá tí a ń pè ní Yellow Fever kún un.

Ẹ rí i pé wọ́n pọ̀. Ara ìṣòro ìlú yìí nìyẹn. Èèyàn tí jìnnìjìnnì ti bò kò lè máa ro ó bóyá LASEMA ni òun fẹ́ pè tàbí LASAMBUS. Ìdí tí nọ́ńbà kan ṣoṣo fi wà nìyẹn: ẹ̀yin ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, kí ẹni tó gbé ìpè bá yín ro ti àjọ.

Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já nígbàkúgbà. Bí ìlà bá já lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sọ ibi tẹ́ ẹ wà, ẹnì kan ṣì lè wá. Bí ó bá já nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ké "Jésù! Ẹ gbà wá!" kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n máa gbà wá. Ẹ sọ orúkọ ibùdókọ̀, ẹ sọ apá tí ọkọ̀ ń lọ, ẹ sọ ohun kan tí gbogbo ayé mọ̀ níbẹ̀: báńkì, ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí. Ẹ fi "iwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ṣikírà" sílẹ̀, ìyẹn yé ẹ̀yin àti Ìyá Ṣikírà nìkan. Tó bá jẹ́ orí Third Mainland Bridge lẹ wà, afárá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, orúkọ rẹ̀ nìkan kò tó. Ṣé Ọ̀wọ̀rọ̀ńṣòkí lẹ ti ń bọ̀ ni àbí ọ̀dọ̀ Adéníji Adélé? Ṣé ẹ ti kọjá Yunifásítì Èkó? Bí ojú ọ̀nà bá ṣàjèjì sí yín, ẹ ṣí Google Maps, ẹ ka orúkọ tó wà níbi àmì tó ń tàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ iye èèyàn tó farapa, bóyá ẹnì kan há sínú ọkọ̀, bóyá iná tàbí epo wà níbẹ̀. Ẹ má pa fóònù títí ẹni tó gbé e fi ní kẹ́ ẹ pa á.

Kí áḿbúláǹsì tó dé, iṣẹ́ wà fún yín. Ẹ dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró kí wọ́n má baà tún gbá ẹlòmíràn. Kọndọ́ dánfó tó gbá ọmọ náà ló ṣe é lọ́jọ́ yẹn, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń jù ú lókè lójú títì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ wá aṣọ tó mọ́, ẹ fi tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí, ẹ má ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì gbé e ní "ọ̀kan, èjì, ó yá!" bí àpò ìrẹsì. Ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ṣẹ́, irú ìgbé yẹn lè sọ ọ́ di arọ. Àfi bí iná bá fẹ́ jó o, tàbí tí ọkọ̀ tún fẹ́ gbá a, ni kẹ́ ẹ yára gbé e kúrò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Ta ló fẹ́ fi oore gba ẹjọ́? Èèyàn á gbé ẹni tó farapa dé ọsibítù, wọ́n á ní ó di dandan kó lọ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ó á dé tèṣọ́n, wọ́n á ní kó jókòó, kó sọ bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, ojú wa ti rí i. Èmi náà ti wà ní ọsibítù aládàáni kan rí, tí wọ́n ń bi wá léèrè ìwé ọlọ́pàá nígbà tí aláìsàn ń kérora nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ò sí lẹ́yìn wọn. Abala ogún òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 sọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ lè san owó ìtanràn 100,000 náírà, ó lè lọ ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, ó sì lè jẹ méjèèjì. Òfin mìíràn ti 2017 sọ pé kí ọsibítù tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbé e wá, kí wọ́n má ṣe fi ìbéèrè dójú tì í. Ẹ fi àwọn òfin méjèèjì pamọ́ sórí fóònù yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bi yín ní ìbéèkúbèé lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, ẹ kà á sí wọn létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o. Mo ti rí i tí ó ṣiṣẹ́.

Ká sọ̀rọ̀ sáírẹ́ẹ̀nì náà. Ní Èkó, ohun tó ń dún "fìì-fìì" lẹ́yìn èèyàn lè jẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé owó báńkì. Ó lè jẹ́ olówó kan tí kò fẹ́ dúró nínú gò-sílóò bíi tiwa. Ó lè jẹ́ olóṣèlú tó ń lọ jẹun níbi ìyàwó. Wọ́n ti fi sáírẹ́ẹ̀nì parọ́ fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ kò fi yà mọ́. Lọ́jọ́ tí aláboyún bá wá wà nínú áḿbúláǹsì tí ń ké, àwọn tó wà níwájú á ní, "Irọ́ ni, ẹ jẹ́ kó dúró." Ẹni tó bá sì yà, dánfó á wọlé sí ìrù áḿbúláǹsì, á máa tẹ̀ lé e kó lè fi jẹ́ ọ̀nà tirẹ̀. Àwa la ṣe èyí fún ara wa, a ò lè dá a lé ìjọba nìkan lórí. Àdúrà mi ni pé ká fi àyè sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kódà bí irọ́ bá pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó parọ́ máa jèrè ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ń kú lọ lóòótọ́ lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ rántí 28 oṣù Kẹfà 2018. Táńkà agbépo kan ṣubú lẹ́bàá afárá Ọ̀tẹ́dọlá, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Epo dà, iná sọ, ó sì ràn mọ́ àwọn ọkọ̀ tó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná, ẹ̀mí mẹ́sàn-án sì lọ. Àwọn tó jóná yẹn ń lọ sílé lásán ni. Ní Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní 15 oṣù Kẹwàá 2024, táńkà mìíràn ṣubú, àwọn èèyàn sá lọ gbọ́n epo, iná sọ, ó lé ní 150 èèyàn tó kú. Bí táńkà bá ṣubú nítòsí yín, ẹ má lọ wò ó, ẹ má lọ ya fọ́tò, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì. Ẹ sá jìnnà kẹ́ ẹ tó pe 112, torí iná kì í bá ẹni tó ń ya fídíò ṣeré.

Ìjọba náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́, mi ò ní fi bò. Kí ló dé tí nọ́ńbà yìí kò fi sí lára gbogbo ibùdókọ̀, lára gbogbo dánfó, lẹ́yìn gbogbo kẹ̀kẹ́ Márúwá? Fọ́tò òṣèlú wà níbẹ̀ lásìkò ìbò, àyè ti 112 kò wá sí? Ọ̀pọ̀ àdúgbò kò ní pátákó orúkọ, ilé kò ní nọ́ńbà. Báwo ni áḿbúláǹsì ṣe fẹ́ rí wọn lóru? Kí wọ́n máa gbé e jáde lóṣooṣù pé ìpè mélòó ló wọlé, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi débẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn òpó ni wọ́n ń sá pamọ́ sí, wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó máa ṣì gbà kí wọ́n lè kó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń sá fún yín láàárọ̀ kò ní pè yín lálẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó látọ̀dọ̀ tiwọn pẹ̀lú. Àwọn awakọ̀ ti fi mọ́tò gbá òṣìṣẹ́ LASTMA pa lẹ́nu iṣẹ́ rí. Àwọn tó ń gbé ìpè ti ké gbàjarè títí pé ìpè àwàdà pọ̀ jù: ọmọdé tó ń fi fóònù ṣeré, ọ̀dọ́ tó fẹ́ "gbádùn" wọn, ọkùnrin tó ń bi obìnrin tó gbé ìpè bóyá ó ti lọ́kọ. Gbogbo ìpè bẹ́ẹ̀ ń gba àyè ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹ ronú ọkùnrin Wimpole Street yẹn tí wọ́n fi sí orí ìlà. Ní Èkó, ó lè jẹ́ àwàdà yín ló wà níwájú ẹni tó ń dúró.

Torí náà, ẹ bínú, àmọ́ ẹ bínú bíi tirẹ̀. Bí ẹ bá pe 112 tí kò sẹ́ni tó gbé e, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tẹ́ ẹ wà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò yín. Fídíò ẹni tó ń kú kò tún ohunkóhun ṣe rí. Àkọsílẹ̀ tó péye lè tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n parí ti Onípàánù. Áḿbúláǹsì dé, apá tó tọ́ ló sì gbà wá. Wọ́n de ọrùn ọmọ náà, wọ́n fi pákó di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e. Ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e wọlé, ó ní kí ẹnì kan bá òun mú bàtà òun. Ìyá alágbàdo ló sáré lọ mú un wá. Ìborùn ìyá yẹn ni a fi tẹ ẹ̀jẹ̀ látìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ti rẹ sínú ẹ̀jẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí èrò ti tú ká, ìyá náà pè mí. Ó ní, "Bọ̀dá, nọ́ńbà wo lẹ pè yẹn?" Mo ní ọ̀kan, ọ̀kan, èjì. Ó ya páálí kan, ó mú èédú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà. Ó so ó mọ́ agbòòrùn rẹ̀. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò ti fọ èédú yẹn, àmọ́ ẹnì kan ti fi báírò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi 112 àti 767 sórí fóònù yín nísinsìnyí, kẹ́ ẹ tó kúrò lójú ìwé yìí. Kẹ́ ẹ sì mọ orúkọ ibùdókọ̀ tẹ́ ẹ wà.